Ìwé Tí Alfa Ń Ṣí Láti Ẹ̀yìn

Bí Aqeelah ṣe rí mi ló figbe ta, ó sá sẹ́yìn Alfa Mùkáílà, bàbá ọkọ mi. Ọmọ tí mo fi inú mi bí! Ìgbà tí mo já a lẹ́nu ọmú ni mo gbé e wá fún wọn ní Ìwó, tí èmi padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ìlọrin. Inú bí mi, ojú tún tì mí.

Hussain, ọkọ mi, wà nínú ọkọ̀ níta, ó ń fun fèrè ṣáá. A wá mú ọmọ wa lọ ni. Ṣùgbọ́n Alfa fárígá.

"Kareemah, ẹ ò ní wọ́ ọmọ yìí lọ pẹ̀lú ẹkún. Bó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá ọ, ẹ mú un máa lọ. Bí kò bá wá, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni mo wí lórí ìkúnlẹ̀.

Mo rí ìwé páálí tí mo fi ránṣẹ́ sí i lórí ẹní, eyín ọmọ ti jẹ ẹ́ létí. Mo ṣí i. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ìyá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń juwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Wò ó, ìyá ń lọ síbi iṣẹ́. Ó dàbọ̀ o!"

Aqeelah yọjú. Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ọkàn mi fò sókè. Àfi bó ṣe já ìwé gbà lọ́wọ́ mi, tó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo yí i padà. Ó tún dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Olóríkunkun; ó kúkú jọ mí.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ yìí?" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí ẹni tó jókòó.

Alfa wúkọ́. "Èmi ni. Bí a ṣe ń ṣí ìwé kéú nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún lèmi mọ̀ tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé."

Ojú gbà mí tì. Mo ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn. Lójú ẹsẹ̀ ni Aqeelah jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, bí ẹni pé àga ni mí. Ìwé ló tẹ̀ lé wá, kì í ṣe èmi.

Alfa ń ka àwòrán fún un láti ibi tí wọ́n jókòó sí. "Ọmọ ń sùn. Ọmọ ń wẹ̀. Ọmọ ń jẹun. Ọmọ ń ṣeré." A wá dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń juwọ́.

"Ta nìyẹn?" Alfa bi í.

"Ummi. Ummi ń bọ̀." Ó na ìka sí ẹnu ọ̀nà.

Omi lé sí mi lójú. Láti ẹ̀yìn ìwé, ìyá yẹn kò lọ. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni. Ohun tí Alfa ti ń kà fún ọmọ mi láti ọjọ́ yìí nìyẹn, pé mò ń bọ̀. Ó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì ń retí mi.

Fèrè tún dún. Mo gbé e sílẹ̀, mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Tó bá tún figbe ta, ó parí nìyẹn. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo juwọ́.

"Àsàlámù àlékùm."

Aqeelah wo ìwé, ó wò mí. Ó tún wo ìwé. Ó jù ú sílẹ̀, ó sáré wá dì mọ́ mi lórúnkún.

"Baba, Ummi dé!"

"Ó ti dé, Alhamdulillahi," ni Alfa wí, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbójú sókè wò wá.