Màmá Mi Lábẹ́ Kánópì Àwọn Àlejò

Kọ́lá, má tíì lọ, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ẹ. Mo rí màmá mi. Ó ti pẹ́ tó ti kú, àmọ́ ó jókòó síwájú lábẹ́ kánópì, ó gbé korobá òfìfo lé itan. Àwọn àlejò láti òkè òkun fẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ. Inú pálọ̀ wa ni ẹ̀rọ náà wà o, kò sì yà mí lẹ́nu. Aṣọ òkè ìgbéyàwó màmá mi ni wọ́n fi ṣe ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n máa gé.

O mọ̀ pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe. Màmá ní, "Sọ fún wọn, òùngbẹ ń gbẹ mí." Mo yanu láti sọ ọ́ lédè òyìnbó, ohun tó jáde ni pé, "Ó ní ẹ ṣeun gan-an." Alága ìjọba ìbílẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Màmá ní, "Aṣọ mi nìyẹn, kí wọ́n má gé e." Mo tún ní, "Ó ní ẹ ṣeun." Wọ́n gé e. Omi ò jáde. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Màmá wá yíjú sí mi. Ó kúnlẹ̀, Kọ́lá. Ó kúnlẹ̀ fún èmi ọmọ tó bí, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ẹkún ló jí mi. N ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó fẹ́ gbé mi ló ń fọn fèrè níta yẹn. Àwọn àlejò kan fẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi lábúlé kan, èmi ni màá ṣe ògbufọ̀ wọn. Bí ìyá kan bá ní òùngbẹ ń gbẹ òun lónìí, ṣé ẹnu mi á lè sọ ọ́?