Ọjọ́ tí Wọ́n Wá Agbe Dé Oko-Akarè

Victorine kì í ṣe ọmọ Ikpinlè. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ níwèé, nígbà tí òmìnira Dahomey ṣì tuntun lẹ́nu àwọn ènìyàn. Òun ló dá a sílẹ̀ pé kí àwọn ọmọ kíláàsì òun máa yan ẹyẹ mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìwé, ẹyẹ tí ojú gbogbo wọn gbọ́dọ̀ rí kí ìsinmi ńlá tó dé. Ní Ọjọ́bọ̀ tí kò sí ìwé, wọn á tò tẹ̀lé e wọnú oko, láìmú kànnàkànnà, láìmú òkò. Ọ̀rọ̀ náà ń ya àwọn àgbà lẹ́nu. Kí ni ènìyàn ń wá ẹyẹ kiri fún bí kò bá ní pa á jẹ?

Lọ́dún tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀, atíálá, odídẹrẹ́ àti agbe ni wọ́n yàn. Atíálá kò fún wọn níṣòro, ó ń bà sórí ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé ìwé. Odídẹrẹ́ fò kọjá lórí wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n sì pariwo títí ohùn wọn fi há. Agbe ni wọn kò rí. Ọyẹ́ dé, koríko gbẹ, wọ́n ṣì ń wá a.

Bí wọ́n ṣe ń wá a ni wọ́n pàdé Ògúnkọ̀yà. Ọdẹ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń le. Ó ti ń yọ́ tẹ̀lé ìgalà kan láti òwúrọ̀ kí ẹ̀rín àwọn ọmọ tó lé e sá. Ó já jáde nínú igbó, ó yin ìbọn sókè lórí wọn. Ọmọ kan tọ̀ sára.

"Ta ló ní kí ẹ wá síbí?"

"Ẹyẹ la wá wò, Bàbá," Victorine dáhùn. "A kò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ẹ ti lé ẹran mi!"

"Igbó yìí kì í ṣe tiyín nìkan."

Ó fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Victorine ṣubú lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ògúnkọ̀yà dúró lé e lórí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bí mo bá tún gbúròó yín nínú igbó, ẹni tó bá kú, ara rẹ̀ ló pa."

Victorine fẹjọ́ sun baálẹ̀. Baálẹ̀ ní kí ó ní sùúrù, ó sì ní kí Ògúnkọ̀yà náà ní sùúrù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Ìyábùnmi, ọmọ Ògúnkọ̀yà, wà ní kíláàsì náà. Bàbá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ bá wọn jáde mọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ ṣẹ́gi, ó sì gba ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Victorine rí i. Ó yẹ kó dá a padà, kò dá a padà.

Wọ́n gba ọ̀nà Oko-Akarè lọ́jọ́ náà kí wọ́n má baà kan ọdẹ. Létí odò kan níbẹ̀, àwọn igi ńlá díẹ̀ ṣì kù, koríko tó ga ju orí àgbà lọ sì yí wọn ká. Ìyábùnmi ló kọ́kọ́ na ìka.

"Màdáàmù! Ẹ wò ó!"

Agbe náà ń sáré lórí ẹ̀ka bí ẹni ń sáré lórí afárá. Ó tóbi ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò, ìyẹ́ dúdú ṣù jọ lórí rẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu gbogbo wọn, wọ́n ń fò, wọ́n ń dì mọ́ra wọn.

Ògúnkọ̀yà àti Fábọ̀dé pẹ̀lú ọdẹ méjì mìíràn wà ní òdìkejì koríko náà, wọ́n fẹ́ fi iná lé ọ̀yà jáde. Fábọ̀dé gbọ́ ẹ̀rín.

"Àwọn ọmọ wà níbẹ̀ o."

"Ẹyẹ ni," Ògúnkọ̀yà wí. Ó sì ti ògùṣọ̀ bọ koríko.

Iná kò fara balẹ̀. Ọyẹ́ gbé e, ó ń ké bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Victorine gbá àwọn ọmọ sínú odò tó ti gbẹ ku ẹrẹ̀. "Ẹ dojú bolẹ̀! Ẹ má gbórí sókè!" Ó tú ìró rẹ̀, ó rì í sínú ẹrẹ̀, ó fi bo àwọn tó kéré jù. Iná já sórí wọn. Ó jó ọmọ méjì lẹ́sẹ̀, ó sì bó ẹ̀yìn Victorine fúnra rẹ̀.

Ìyábùnmi kò dojú bolẹ̀. Ó ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ tó ń pàṣẹ lọ́hùn-ún. "Bàbá mi nìyẹn!" ló wí, ó sì sáré wọ inú èéfín lọ síbi ohùn náà.

Àwọn ọdẹ ti gbé kùmọ̀ sókè. Ọ̀yà kan já jáde, wọ́n lù ú pa. Òmíràn já jáde, wọ́n lù ú pa. Nǹkan kan tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ já jáde nínú èéfín, Ògúnkọ̀yà sì fi gbogbo agbára rẹ̀ lù ú. Kùmọ̀ ba etí, ó fọ́ èjìká. Ó tún ti gbé e sókè kó tó rí aṣọ kakí ilé ìwé.

Ògúnkọ̀yà kígbe kan ṣoṣo. Nígbà tí Victorine jáde láti inú ẹrẹ̀, tó pọn ọmọ kan, tó fa òmíràn lọ́wọ́, Ògúnkọ̀yà yọ àdá sí i.

"Ìwọ lo pa á! Ìwọ lo pa ọmọ mi!"

Fábọ̀dé bọ́ sáàárín wọn. Àdá gé ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì bọ́ sílẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da kùmọ̀ bo Ògúnkọ̀yà, kùmọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀yà ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n lù ú títí kò fi lè dìde mọ́.

Ìyábùnmi kò kú. Nílé ìwòsàn, Ẹfúnwùmí ìyá rẹ̀ bá Victorine níbi tó dojú bolẹ̀ sí, tí wọ́n ń fi oògùn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fa orí rẹ̀ sókè, ó gbá a létí, ó tún gbá a.

"O mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ti lérí. O mọ̀! O sì kó ọmọ mi lọ."

"Mo mọ̀, Ìyá," ni Victorine wí. Kò gbìyànjú láti bojú.

Fábọ̀dé sọ fún àwọn jandáámù, ìyẹn ọlọ́pàá, pé òun kìlọ̀, ó sì sọ èsì tí Ògúnkọ̀yà fún òun. Wọ́n gbé Ògúnkọ̀yà lọ sẹ́wọ̀n. Victorine náà kò pẹ́ ní Ikpinlè mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, olùkọ́ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò sì kó ọmọ kankan lọ sóko.

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, tí rédíò ń pariwo ìyípadà lójoojúmọ́, Ògúnkọ̀yà padà wálé. Ó ti gbẹ. Ìyábùnmi ti di ọ̀dọ́mọbìnrin, etí kan kò gbọ́ mọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì lè gòkè kọjá èjìká. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

Ògúnkọ̀yà gbé ọwọ́ láti lé eṣinṣin. Kíá ni Ìyábùnmi tẹ orí ba, tó fi ọwọ́ ọ̀tún bò ó.

Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rọra ti ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

"Ẹ jẹun, Bàbá."

"Kọ́kọ́ jáde ná, ọmọ mi. Bí o bá ti jáde, n ó jẹ."

Ìyábùnmi kò jáde. Ó sún dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀, ó yí etí tó ń gbọ́ràn sí i.