Ìròyìn Tuntun Láti Ilé Àwọn Arúgbó

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ò gba Brenna Sorensen, wọn ò sì lé e. Wọ́n ní kó ṣì dúró ná, bóyá ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n mú á yí ọkàn padà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyí tó ń kan ilẹ̀kùn wọn. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé tí wọn ò bá ṣí i lọ́dún yìí, òun á lọ máa ṣe akọ̀wé níbi tí àbúrò bàbá òun ti ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, òun á sì pa ọ̀rọ̀ dókítà tì pátápátá. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ náà gbà kí àwọn tó ń dúró kọ lẹ́tà kan péré, kí wọ́n fi ròyìn ohun tuntun tó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí ohun tuntun kankan tó ṣẹlẹ̀ sí Brenna. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń wọṣọ fún wọn, ó ń bọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Bó ṣe ṣe é nígbà òtútù náà ló ṣe é nígbà tí yìnyín yọ́ tán. Ta ló ń fi ìyẹn ṣe ìròyìn?

Ó ṣáà kọ ọ́. Verlin Pospisil, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà, tó jókòó sórí àga onítáyà rẹ̀ nínú yàrá ìjẹun, ní kó kà á sétí òun. Gbogbo ayé bàbá yìí ló fi lu màlúù ní gbàǹjo, ohùn rẹ̀ ò sì tíì fẹ̀yìn tì.

"'Inú mi dùn láti sọ fún yín pé mo ṣì ń tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ mi,'" ni Brenna kà.

"Ọmọ yìí, ṣé màlúù tó ń kú lọ lò ń tà ni?"

"Ọ̀gbẹ́ni Pospisil, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Abájọ tí wọn ò fi mú ẹ! Tí mo bá fa màlúù jáde, tí mo ní 'ẹ wò ó, ó ṣì ń tẹ̀síwájú,' ta ló máa náwó sí i? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Sọ ohun tí màlúù ẹ ṣe!"

"Kò ṣe nǹkan kan. Koríko ló ń jẹ."

"Á ṣe nǹkan," ni bàbá náà wí, ó sì yí àga rẹ̀ lọ bá Opal Tesarek, ìyá arúgbó tí wọ́n jọ ń jẹun. Àwọn méjèèjì forí korí.

Lọ́jọ́ kejì, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, Verlin ṣàdédé fọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú. Ojú rẹ̀ ràn, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì tó dìde, Brenna ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti gbá a mú nísàlẹ̀ igbá àyà, ó sì fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, kí ohun tó há a lọ́rùn lè jáde.

"Ó gbà mí là o!" Ohùn gbàǹjo ni bàbá fi ké e. "Gbogbo yín ṣáà rí i! Dókítà gbà mí là!"

"Èmi rí i," ni Opal wí, òun tó jẹ́ pé oorun ló máa ń sùn lórí oúnjẹ. "Kí wọ́n kọ orúkọ mi síbẹ̀ dáadáa o."

Brenna wo inú àwo bàbá náà. Jẹ́lì ọsàn ló wà níbẹ̀, ohun tó rọ̀ ju ẹ̀kọ tútù lọ.

"Jẹ́lì ló há yín lọ́rùn?"

"Ó le díẹ̀ ni."

"Mo ní kó lo búrẹ́dì," ni Opal wí. "Ṣé ó máa ń gbọ́?"

"Àyà mi já!" ni Brenna ké. "Mo rò pé ẹ ń kú lọ ni!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ kọ ọ́ kó tó tutù."

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Kí n má purọ́, lẹ́tà náà dùn. Ó kà á títí, ó rí ara rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó sì fẹ́ aṣọ náà gan-an. Ohun tó kù ò ju kó fìka tẹ kọ̀ǹpútà lọ. Àmọ́ ẹni tó máa jókòó ti aláìsàn lọ́la, tó máa sọ òdodo ọ̀rọ̀ fún un, ṣé irọ́ jẹ́lì ló yẹ kó fi wọlé? Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Kò sí ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ṣì ń wẹ àwọn arúgbó, mo ṣì ń bọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn díbọ́n pé jẹ́lì há òun lọ́rùn, kí n lè rí nǹkan kọ sí yín. Mo bínú sí i. Lẹ́yìn náà mo sunkún, torí mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń bá mi fẹ́ iṣẹ́ dókítà tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣì fẹ́ wá."

Ó fi ránṣẹ́ kí ẹ̀rù tó bà á. Lọ́jọ́ kejì, ó kà á fún Verlin.

"O ní irọ́ ni mo pa?" Verlin fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. "O ti ba ọjà jẹ́!" Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò bá Brenna sọ̀rọ̀ mọ́, Opal ló ń rán sí i: "Sọ fún olóòótọ́ yẹn kó gbé iyọ̀ wá."

Nínú oṣù kẹfà, fóònù dún. Ẹnì kan ti yí ọkàn padà, wọ́n sì ní kí Brenna máa bọ̀. Ariwo sọ nínú yàrá ìjẹun. Opal sunkún, Verlin ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òótọ́ ló máa ń tà jù.

Lọ́jọ́ náà, Brenna jókòó láti kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé ẹ̀kọ́ náà. Verlin ní òun náà ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ fi kún un.

"Ọdún mélòó lo máa lò lọ́dọ̀ wọn?"

"Mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kéré tán, mẹ́ta sí i nílé ìwòsàn kí n tó dá dúró."

Bàbá náà fi ìka ka ọdún náà. Méje ló kà.

"Kọ ọ́," ló wí. "Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ ṣeun. Èmi Verlin Pospisil náà ní ìròyìn tuntun. Mo pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún lóṣù tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára kọ́ ọ."

Omijé ò jẹ́ kí Brenna rí ojú kọ̀ǹpútà dáadáa, àmọ́ ó kọ ọ́ bí bàbá náà ṣe wí i gan-an.