Nígbà Tí Gbogbo Ènìyàn Di Ọ̀gá

"Kaothar, yọ àgádágodo tó o fi sórí ẹ̀rọ yẹn. Òun ló ń fà wá sẹ́yìn."

Alhaji Mùnírù, ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ní Liverpool Road, kò tiẹ̀ jókòó. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ tí wọ́n so pọ̀ ló ń fún àwọn ọkọ̀ àjàgbé ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọ èbúté. Láti àárọ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà náà ti ń rá pálá. Ọkọ̀ ti tò dé Malu Road, àwọn awakọ̀ sì ti ń ṣépè.

"Sà, tí mo bá yọ ọ́, olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì á kàn wọlé bí ẹni wọ ilé bàbá ẹ̀ ni."

"Tí nǹkan ò bá yí pa dà kí á tó kírun Àílà, máa lọ sílé ní Ajégúnlẹ̀. Mi ò ní pè ọ́ pa dà."

Ó dun Kaothar wọra. Iṣẹ́ títọ́jú kọ̀ǹpútà yìí ló fi ń tọ́ àbúrò méjì. Ó ṣí ibi tí ẹ̀rọ ń kọ orúkọ àwọn tó ń lò ó sí. Irinwó iṣẹ́, orúkọ kan ṣoṣo: Mùnírù.

"Vivian, orúkọ ta lo fi ń wọlé?"

Akọ̀wé tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. "Ti Alhaji now. Àwọn fúnra wọn ló fún gbogbo wa ní páásíwọ́ọ̀dù wọn nígbà Iléyá. Tiwọn ló ń yá jù."

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti ní kí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ dá ọ̀gá lóhùn, gbogbo wọn wá di ọ̀gá. Gbogbo ayé ò kúkú lè sùn kí wọ́n kọrí síbì kan náà.

Kaothar ti orúkọ Alhaji pa. Ìbínú ọ̀gá kì í ṣe eré, àmọ́ ó kúkú ti fẹ́ lé òun tẹ́lẹ̀. Ó fún akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, ó ní kí ẹrù tó lè bàjẹ́ ṣáájú, kí ìyókù tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe dé. Kò fọwọ́ kan àgádágodo.

Kí wọ́n tó pe ìrun, ọkọ̀ ti ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú Kaothar dùn.

"Ẹ̀rọ ò dá mi mọ̀ mọ́," ni Alhaji wí.

Kaothar kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Orúkọ yín tí gbogbo wa ń lò ló dí ọ̀nà."

Alhaji wo àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé lójú fèrèsé. "Àṣé oore mi ni," ló wí, ó sì jókòó láti tẹ páásíwọ́ọ̀dù tuntun.

Vivian sún mọ́ wọn. "Alhaji, èwo la ó máa lò báyìí?"

Alhaji ṣí fìlà, ó fi bo ọwọ́ tó fi ń tẹ̀ ẹ́. "Bi Kaothar. Òun ló ni ilẹ̀kùn."