Kabúrétọ̀ Bàbá

Epo tún ti ń kán sílẹ̀. Ó ń jáde lábẹ́ kabúrétọ̀, ó ń gba ara ẹ́ńjìnì alùpùpù àtijọ́ kan sọ̀kalẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì àgbàlá. Aránṣọ tó ń tún alùpùpù náà ṣe ju sukudiráfà sílẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Láti àárọ̀ ló ti ń tú u, tó ń tò ó, òun tí kò tú nǹkan kan rí ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ó ti fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ìpẹtà ara rẹ̀. Bó bá tò ó báyìí, epo á jò. Bó bá tò ó lọ́nà mìíràn tí epo ò jò, ẹ́ńjìnì ò ní jí.

Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Alùpùpù yìí ni bàbá fi gbé ìyá wọn wálé ọkọ, orí rẹ̀ ló ti kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù, kò sì jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá ti kú, kò gùn ún mọ́. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ náà ti ní òun á wá gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù lọ́sàn-án yìí, àfi bó bá ṣiṣẹ́.

“Bàbá mi, ibo ni irin kékeré yìí ń wọ̀?”

Bàbá gbà á, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó dá a padà fún un. “Ìwọ sáà wò ó dáadáa.”

Inú bí aránṣọ náà. Bí bàbá ṣe ń ṣe fún wọn láti kékeré nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ni kó wá a. Ṣùgbọ́n ṣé òní náà ni? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Àgbà tiwọn yìí wà lọ́jà, ó ń wòran.

Ó fi ìbínú gbé irin náà sókè síhà oòrùn. Ihò àárín rẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ìmọ́lẹ̀ ò sì gbà á kọjá. Ìta ló ti ń fọ̀ láti àárọ̀! Ó fa fọ́nrán wáyà tín-ín-rín kan yọ, ó rọra fi gún un títí ìdọ̀tí dúdú fi jáde. Ó nu ibi tí epo ń gbà wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. “O ò tíì jáwọ́?”

“Ẹ jẹ́ n ta á lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ó fẹsẹ̀ ta á. Ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó kú. Ó tún ta á, ẹ́ńjìnì bú, kò sì kú mọ́. Epo ò jò.

Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ohùn rẹ̀ dára,” ni bàbá wí. “Ta ló ni ín?”

Ó rò pé àwàdà ni. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sílẹ̀. Nígbà náà ló rántí bí bàbá ṣe ń yí irin kékeré yẹn lọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n fún ní owó ìlú tí kò dé rí. Bàbá kò fi ìdáhùn kankan pamọ́ fún un; kò rántí mọ́ ni.

“Ṣé ẹni tó ni ín á jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀?”

Aránṣọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó nu ún pẹ́. “Á jẹ́, Bàbá mi. Ẹ wá, ẹ di èmi mú.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde lọ yí ọkọ̀ tó fi dí ẹnu géètì kúrò lọ́nà.