Ojú Ta Ló Wà Lórí Pátákó Yìí?

Gbì! Bẹ́ẹ̀ ni bàtà rọ́bà ìyá rẹ̀ ṣe máa ń dún lórí irin ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ akérò tó ń ti Busan bọ̀ kì í pẹ́ ní èbúté Chungmu. Kó tó fara kan èbúté tán, àwọn obìnrin tó ru ọpọ́n kimbap, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé, á ti máa fò wọnú rẹ̀, gbì, gbì, gbì, wọ́n á sáré ta fún ẹni tí ebi ń pa, wọ́n á sì tún fò jáde kí ọkọ̀ tó fọn fèrè ìkẹyìn. Nínú gbogbo gbì wọ̀nyẹn, Tak Pan-sul mọ ti ìyá tirẹ̀ yàtọ̀. Kódà bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀ nínú ilé wọn lórí òkè, tó bá ti gbọ́ àkọ́kọ́, ó mọ̀ pé ìyá òun ti wọkọ̀. Á wá dákẹ́ rọ́rọ́, á máa retí èkejì, èyí tí yóò sọ fún un pé ó ti bọ́ sílẹ̀.

Ìró yẹn ló ń dún nínú orí rẹ̀ lọ́jọ́ tó padà wálé lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Wọn ò pe ìlú náà ní Chungmu mọ́, Tongyeong ni. Òun náà kì í sì í ṣe ọmọkùnrin tó wọkọ̀ apẹja lọ sí Las Palmas ní ilẹ̀ òyìnbó ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ti di bàbá ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, orúnkún ọ̀tún ń dùn ún, Candelaria, ìyàwó rẹ̀ ará ibẹ̀, ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì gbọ́ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ nínú èdè bàbá wọn. Ó ti sọ fún Mal-ja, àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, pé ọ̀la lòun máa dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Busan, ara rẹ̀ kò gbà á láti sùn síbẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́.

Ọjà Seoho ló gbà wọlé. Ẹja ń ta pọ́ún pọ́ún nínú ike. Obìnrin kan ń fi ọ̀bẹ kékeré ṣí ìkarahun, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹnu náà kò sì sinmi. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ wà nínú páálí bí ìgbà tí ènìyàn kó abẹ́rẹ́ jọ. Pan-sul jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀ ọbẹ̀ kan, ó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ ewé gbígbẹ tí wọ́n fi orí ẹja gígùn bí ejò se fún òun. Ó mu síbí kan, ó di ojú. Ó mu èkejì.

"Bàbá, ẹ̀yin kì í ṣe ará ibí, àbí?" ni olọ́bẹ̀ bi í.

"Ibí yìí ni wọ́n bí mi sí kí wọ́n tó bí ìyá ẹ."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú o. Ohùn yín ló jọ ti àwọn bàbá inú rédíò àtijọ́. Kò sẹ́ni tó tún ń sọ̀rọ̀ báyẹn mọ́ ní gbogbo ọjà yìí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó san owó ọbẹ̀, ó dìde. Bí ìbínú tọjọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó létí ìkòkò.

Létí èbúté, àwọn ilé kimbap tò lọ bẹẹrẹ. Orí pátákó kọ̀ọ̀kan ni ojú ìyá àgbà kan wà, ìyá àgbà kọ̀ọ̀kan sì ní òun lòun kọ́kọ́ ṣe é. Pan-sul kà wọ́n dé ogún. Bí gbogbo wọn bá ń sọ òótọ́, a jẹ́ pé gbogbo wọn ló jí lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n sì gbé ọpọ́n sórí. Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín díẹ̀, títí tó fi dé abẹ́ pátákó tí wọ́n kọ "Ìyá Àgbà Hansan" sí.

Ìyá rẹ̀ nìyẹn. Erékùṣù Hansan ni wọ́n ti mú un wá sílé ọkọ, orúkọ yẹn ni gbogbo èbúté fi ń pè é títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n ojú tó wà lábẹ́ orúkọ náà, tó tóbi tó ilẹ̀kùn, tó wé gèlè funfun, tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Ìyá Yokji ni. Obìnrin tó ti erékùṣù Yokji wá, tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń fò wọkọ̀ kan náà.

Ó tún wo ìsàlẹ̀ pátákó. Ìyá Yokji fúnra rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ lórí àga ike, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa, ó ń bó aáyù sínú abọ́. Àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò tò sórí ìlà níwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na fóònù sókè láti ya àwọn méjèèjì.

"Ìyá Àgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ dá kimbap yìí sílẹ̀ lóòótọ́?"

"Ta ni ì bá tún dá a sílẹ̀?" ni ìyá àgbà wí, ó ju aáyù sínú abọ́. "Mo rí i pé bí a bá fi ẹran òkun sáàárín ìrẹsì, oòrùn á bà á jẹ́ kí ọkọ̀ tó dé ibi tó ń lọ. Mo ní kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìrẹsì nìkan nínú ewé òkun, ẹran òkun aláta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an. Ojú Pan-sul ṣókùnkùn.

"Irọ́ ni!" Ohùn rẹ̀ ya bí aṣọ. "Irọ́ ńlá ni! Ìyá mi ló dá a sílẹ̀! Ìyá mi ni Ìyá Hansan, obìnrin yìí kọ́! Ta ló gbé ojú olójú lé orúkọ ìyá mi?"

Ọmọbìnrin náà sọ fóònù kalẹ̀. Ìyá Yokji kò dáwọ́ aáyù dúró, ojú kan ló gbé sókè.

"Pan-sul ni, àbí? Irun ti tán lórí ẹ, ariwo ẹ ò dín."

Mal-ja yọ jáde láti inú ilé oúnjẹ rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé ẹran òkun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bọ̀dá mi? Ọ̀la lẹ sọ fún mi!"

"Tó bá jẹ́ ọ̀la ni, ṣé wàá ti wá aṣọ bo pátákó yẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Ẹ jókòó, ẹ jẹun ná."

"Mi ò jẹun lábẹ́ irọ́. Gbé àkàsọ̀ wá. Òní yìí ni pátákó yẹn ń bọ́ sílẹ̀. Bó ò bá ní àkàsọ̀, òkúta ni màá fi lù ú."

"Ṣé ojú mi burú tó bẹ́ẹ̀ ni?" ni Ìyá Yokji wí. "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ju òkúta lù ú. Àwọn ẹyẹ nìkan ló ń yàgbẹ́ sí i."

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Pan-sul kọjú sí arúgbó náà, ó na ìka sí i.

"Ẹ dákẹ́ ẹnu yín! Ẹni tó ti kú lẹ ń jẹ orúkọ ẹ̀. Oúnjẹ ẹ̀ lẹ ń fi yangàn fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé ojú ò tì yín ni?"

Mal-ja rọra gbé sísọ́ọ̀sì sórí tábìlì. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ èkejì.

"Ẹ sọ èyí tó bá wù yín fún mi," ni ó wí. "Ẹ má sọ ọ́ fún wọn."

"Kí ló dé tó ò fi fọ́tò Màmá síbẹ̀?"

"Fọ́tò wo?"

"Mo sọ pé fọ́tò Màmá!"

"Èmi náà sọ pé fọ́tò wo, Bọ̀dá!" Ohùn rẹ̀ ga ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ báyìí. "Ẹ bá mi wá a! Màmá tí kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun nítorí eyín tó kán, fọ́tò mélòó ló yà láyé ẹ̀? Ọ̀kan péré, èyí tí ẹ̀yin méjèèjì jọ yà nígbà tó ku ọ̀la kẹ́ ẹ lọ. Ó ní kẹ́ ẹ mú un dání, pé àwa tí a wà nílé, a ń rí ara wa. Ti inú káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba fipá yà bọ́ sómi pẹ̀lú ẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣìṣe tó já sáàárín ọkọ̀ àti èbúté. Ẹ̀dà ẹ̀ tó wà ní ọ́fíìsì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣé ẹ wá mọ ohun tí àwọn èèyàn foríbalẹ̀ fún lọ́jọ́ ìsìnkú, níbi tó yẹ kí fọ́tò ẹ̀ wà? Férémù! Férémù lásán! Ríbọ́ńnù dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, gíláàsì láàárín. Ẹni tó bá tẹrí ba, ojú ara ẹ̀ ló ń rí níbẹ̀."

Pan-sul kò tíì sọ ìka tó nà sí arúgbó náà kalẹ̀.

"Mo kọ lẹ́tà sí yín. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ kí ìrántí ọdún kìíní má baà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò dáhùn. Ọdún kìíní, gíláàsì. Ọdún kejì, gíláàsì. Ìyá tẹ́ ẹ ń nàka sí yìí ló bẹ́ sómi tẹ̀ lé Màmá. Òun ló fà á jáde, òun ló wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo ṣí ilé oúnjẹ yìí, gbogbo ojúlé ló ní ojú lórí pátákó, ẹni tí ò bá ní, àwọn oníbàárà ò ní yà sọ́dọ̀ ẹ̀. Èmi ni mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Yokji pé kí wọ́n yá mi lójú wọn. Wọ́n kọ̀ fún oṣù méjì."

"Oṣù mẹ́ta," ni Ìyá Yokji wí.

Gbogbo ojú wà lára Pan-sul. Ó gbọ́ tí ohùn ara rẹ̀ ń sọ pé, "Lẹ́tà kankan ò dé ọwọ́ mi."

Mal-ja wò ó. Arúgbó náà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀: "Ó lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà ló sọ nù sí. Ọ̀nà jìn nígbà yẹn."

Ìbá sàn kí ó gbá a létí. Àánú yẹn dun Pan-sul ju èébú lọ. Ó yí padà kíákíá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ abọ́ aáyù, aáyù fọ́n ká ojú ọ̀nà, ó yí wọ abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó wà lórí ìlà. Kò dúró ṣà á. Ó gbọ́ tí ọmọbìnrin tó ní fóònù yẹn ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Bàbá wo rèé?"

Ó rìn títí ilé oúnjẹ fi tán, ó jókòó sórí òkúta kan létí omi. Oòrùn ọ̀sán ń tàn sí i lórí. Ó ń bínú sí Mal-ja tó sọ̀rọ̀ ìdílé lójú àlejò. Ó ń bínú sí arúgbó náà tó fi ẹnu ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti sí àwọn ọmọ tó rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ ń bínú sí olọ́bẹ̀ àárọ̀. Ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ pé: "O dójú tì mí lọ́jà, mi ò sì ní gbàgbé." Ó kà á, ó pa á rẹ́.

Nígbà yẹn ni fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Mal-ja ni. "Mo gbé oúnjẹ yín pa mọ́. Ẹ wá jẹ ẹ́, tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì. Ó tẹ̀ ẹ́ pé ìjì jà lójú òkun, pé omi wọ inú yàrá ọkọ̀, ó sì ba fọ́tò náà jẹ́. Ó pa á rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ pé olè jí àpótí òun gbé ní èbúté Las Palmas. Èyí dára ju ti ìjì lọ, ó tilẹ̀ fi orúkọ sí olè náà. Ó pa á rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ pé fọ́tò náà ṣì wà, pé àwọn ọmọ òun máa wá a rí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìyẹn fún ìgbà pípẹ́, nítorí Mal-ja yóò gbà á gbọ́. Yóò máa retí rẹ̀. Yóò ra férémù tuntun.

Ọkọ̀ kan wọlé láti erékùṣù, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn irin tó ní ọwọ́ ìdìmú lápá méjèèjì. Kò sẹ́ni tó fò. Pan-sul ń wò wọ́n, ó ń fi eyín lọ eyín. Gbogbo ẹni tó bínú sí láti àárọ̀, ó kà wọ́n tán lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Ìbínú náà kò sì lọ. Ó kàn yí ojú sí Pan-sul fúnra rẹ̀ ni.

Oòrùn ti ń wọ̀ kó tó tẹ èyí tó fi ránṣẹ́:

"Mal-ja. Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á. Mo purọ́ lójú gbogbo yín. Fọ́tò náà kò sí mọ́ nígbà yẹn. Kì í ṣe ìjì, kì í ṣe olè, èmi ni. Ọdún 1979 ni Màmá ní kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí mi pé òun ò fẹ́ Candelaria, pé bí mo bá fẹ́ àjèjì, kí n má padà wálé mọ́. Inú bí mi. Mo fa ojú Màmá nínú fọ́tò náà ya sí mẹ́rin, mo dà á sójú òkun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń wá a kiri lójú omi. Tìtorí ìyẹn ni mi ò ṣe dáhùn, tìtorí ẹ̀ ni mi ò ṣe wálé. Má yọ pátákó yẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Mò ń bọ̀ wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Yokji. Bí ìlà bá ṣì wà níwájú ilé, má tú wọn ká. Ojú wọn ni mo ti bú yín, ojú wọn náà ni kẹ́ ẹ ti bú mi."