Ohùn Ìyá Onífìlà

"Màámi, ṣé ẹ máa wá bí mo bá bímọ, àbí ẹ ò ní lè wá?"

Ìyá Onífìlà tẹ fóònù mọ́ etí gírígírí. Etíi bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ lóyún ló ti ń retí ìbéèrè yìí. Kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè, kí ọmọ má baà rò pé ìyá fẹ́ wá di ẹrù lé òun lórí nílé ọkọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Ìlú mìíràn ló ń gbé, fóònù nìkan ló sì kù láàárín wọn, òun náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́.

Ó dá a lóhùn kíá. Ó ní òun á wá, kí ló fẹ́ dá òun dúró? Ó ní òun tilẹ̀ ti ra aṣọ ìnura fún ìkókó náà, ó wà nínú àpótí, òun kàn ń tijú láti sọ ọ́ ni. Òun á máa wẹ ọmọ, òun á máa fọ aṣọ, ìyá ìkókó á sì rí oorun sùn. Bó ti ń sọ ọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lódìkejì, ọmọ náà ń ṣe "hẹ̀lóò, hẹ̀lóò." Lẹ́yìn náà ló ní, "Màámi, ẹ sọ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́."

Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ látòkè délẹ̀.

"Ó dáa," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ ti tutù. "Ó ti yé mi. Ìyá ọkọ mi ti ní àwọn á wá. Mi ò ní dà yín láàmú mọ́."

Fóònù kú. Ìyá Onífìlà wò ó lójú bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Ó tún pe ọmọ náà, kò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní wọ́n ti pa á. Ó wá jókòó, ó ń tú ọ̀rọ̀ tó sọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá èyí tó lè bí ọmọ nínú nínú rẹ̀, kò rí. Ṣé aṣọ ìnura ni? Ṣé ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ọkọ ni? Nígbà tí kò rí ẹni tó máa di ẹ̀bi náà rù, ó dì í ru nẹ́tíwọ́kì. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fọ abọ́ kan àti ife kan tó wà nílé, ó dùbúlẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń sùn sí, bí ẹni pé ẹlòmíràn ṣì ń bọ̀ wá gba ẹ̀gbẹ́ kejì.

Sẹ́dà àtọwọ́dá ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀. Igi ni wọ́n ń sọ di òwú níbẹ̀. Wọ́n á fi kẹ́míkà yọ́ igi náà títí á fi ki bí oyin, pọ́ǹpù á wá ti omi igi yìí gba inú fìlà kan jáde. Fìlà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, àmọ́ irin ni, kò sì ju orí àtàǹpàkò lọ. Ihò tó wà lára rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè kà wọ́n. Inú ọpọ́n ásíìdì ló máa ń wà. Bí omi igi bá ti yọ sínú ásíìdì báyìí, ó ti gan di fọ́nrán òwú nìyẹn. Òwú náà á gun kẹ̀kẹ́ gíláàsì kan, á sì já sínú ìkòkò tó ń yí bí òkòtó, ibẹ̀ ló ti máa ń ká ara rẹ̀ jọ. Bí ihò bá dí, òwú á já. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ á yára pàrọ̀ fìlà, á fi ìka gbé òwú tuntun gun kẹ̀kẹ́, á sì yọwọ́ kí ásíìdì tó rí àyè wọnú ìbọ̀wọ́. Kò sẹ́ni tó yára tó ìyá yìí nídìí fìlà pípàrọ̀, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìyá Onífìlà. Àlejò tó bá gbọ́ orúkọ náà á kọ́kọ́ wo orí rẹ̀, kò sì ní bá nǹkan kan níbẹ̀ ju irun funfun lọ.

Ariwo àwọn ìkòkò yẹn kì í ṣe kékeré. Egungun ló ń wọ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ pariwo borí rẹ̀ kàn ń fi ọ̀fun ṣòfò ni. Nítorí náà, ètè ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ìrànwú. Wọ́n á la ẹnu dáadáa, wọ́n á mọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ètè láìsí ohùn rárá. Bí ohùn bá yẹ kó lọ sókè, wọ́n á gbé ìpéǹpéjú sókè. Bó bá yẹ kó wálẹ̀, wọ́n á rẹ àgbọ̀n sílẹ̀. Àlejò tó bá dé ibẹ̀ á rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ní gbọ̀ngàn yìí, ojú nìkan ló wà lóòótọ́.

Obìnrin tó dojú kọ Ìyá Onífìlà ní ìlà kejì ni wọ́n ń pè ní Ọ̀kánkán. Àwọn méjèèjì ti wo ojú ara wọn ju bí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti wo ojú ọkọ rẹ̀ lọ. Àìsàn ọkọ, ìgbéyàwó ọmọ, ìrora orúnkún, gbogbo rẹ̀ ló ti gba orí ẹ̀rọ kọjá láàárín wọn láìsí ẹni tó gbọ́. Bí ilẹ̀ ti mọ́ lọ́jọ́ kejì tí Ọ̀kánkán rí i, ó ti mọ̀ pé nǹkan ṣe. Ó bèèrè. Ìyá Onífìlà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, àmọ́ òwú ń já lọ́tùn-ún lósì láàárọ̀ náà, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ìgbà oúnjẹ ọ̀sán ló tó rí i sọ.

Ní yàrá ìjẹun, akọ̀wé tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ọ́fíìsì wá jókòó tì wọ́n, torí pé gbogbo tábìlì yòókù ti kún. Wọ́n kí i, wọ́n sì padà sídìí ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá Onífìlà sọ gbogbo rẹ̀, bí ọmọ ṣe bèèrè, bí òun ṣe dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, bí ọmọ ṣe pa fóònù mọ́ òun lójú. Ọ̀kánkán ń mi orí, ó ń kẹ́dùn, ó ń dá sí i. Akọ̀wé náà ń wo èyí, ó ń wo tọ̀hún, kò tíì fi ṣíbí kan oúnjẹ rẹ̀.

"Ẹ má bínú mà," ló wí nígbà tó yá. "Ṣé ọ̀fun ń dùn yín ni?"

Ọ̀kánkán bi í pé ọ̀fun ta ni.

"Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ti ń la ẹnu látìgbà tí mo ti jókòó, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ọ̀kánkán bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó lóhùn. Ó ní kí akọ̀wé má dá àwọn lóhùn, ẹ̀rọ ló ba àwọn jẹ́. Ó ní bí ọ̀rọ̀ ò bá tó nǹkan, àwọn máa ń rántí gbé ohùn sí i. Àmọ́ bó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti inú wá, ètè nìkan ló máa ń sọ ọ́, torí ètè ni àwọn fi ń sọ irú rẹ̀ níbi iṣẹ́. Òun fúnra òun ti bú ọkọ òun báyìí rí, ọkọ òun ò sì mọ̀ títí di òní.

Ìyá Onífìlà ò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ mi," ó wí fún akọ̀wé náà, "nígbà tí mo sọ pé mo ní mà á wá, o ò gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ ọ, mà. Ètè yín ni mo kàn ń rí."

 Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ jáde débi tí á balẹ̀. Etí rẹ̀ ti kú díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ariwo ìkòkò sì máa ń tẹ̀ lé e délé, nítorí náà bó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú orí ara rẹ̀, ó ti rò pé gbogbo ayé ló gbọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ọkùnrin náà máa ń dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀, á ní, "Ohùn dà?" Òun náà á wá gbé ohùn sí i. Láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó bi í mọ́. Ó rántí gbogbo ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe "hẹ̀lóò, hẹ̀lóò" lórí fóònù, tí àwọn méjèèjì á sì jọ bú nẹ́tíwọ́kì. Àánú ọmọ náà ṣe é, ojú ara rẹ̀ sì tì í gan-an.

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn yàrá ìjẹun lọ. Ọ̀kánkán tẹ̀ lé e. Ìyá Onífìlà ní òun fẹ́ pe ọmọ òun padà, àmọ́ òun ń bẹ̀rù, ta ló máa sọ fún òun bí ohùn ò bá tún jáde?

"Fi ìka lé ọ̀fun," ni Ọ̀kánkán wí. "Bó bá ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ, ohùn wà ńbẹ̀ nìyẹn." Ó sì fi í sílẹ̀.

Ọmọ náà gbé fóònù. Kò kí i ju "Màámi" lọ.

"Mo ní mà á wá," ni ìyá wí. Ọ̀fun rẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ìka. "Lánàá náà mo sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́. Ètè ni mo fi sọ ọ́, mi ò sì mọ̀."

Ọmọ náà dákẹ́. Ìyá Onífìlà dúró tì í. Kò tíì mọ̀ rí pé báyìí ló ṣe máa ń rí, kéèyàn dúró síwájú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí kò sí ojú tó lè wò níbẹ̀.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré," ọmọ náà wí níkẹyìn, "ohun tó bá ṣe kókó tí mo bá bi yín, ẹ kì í dáhùn. Àfi kí n wá dúró síwájú yín kí n wo ẹnu yín. Nígbà tó yá, ó sú mi. Mo ní bóyá ẹ ò fẹ́ bá mi sọ ọ́ ni."

"Mo ń dáhùn, ọmọ mi. Gbogbo ìgbà ni mo ń dáhùn."

"Mo ti gbọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ti wọkọ̀, Màámi. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n ń dé. Yàrá kan ṣoṣo la ní fún àlejò, mi ò sì lè ní kí wọ́n padà."

Ó dun Ìyá Onífìlà gan-an. Ẹlòmíràn ló máa kọ́kọ́ gbé ọmọ náà, ẹlòmíràn ló máa wẹ̀ ẹ́, ẹ̀bi kò sì sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni tí òun ì bá bínú sí. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó rò ó wò, ó sì mọ̀ pé obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ yẹn náà ti ń yọ̀ bọ̀.

"Kí wọ́n wá," ló wí. "Kí wọ́n tọ́jú rẹ dáadáa. Bí wọ́n bá lọ ńkọ́?"

"Kí ẹ̀yin wá nígbà náà. Bí ẹ bá dé, kí ẹ pẹ́ díẹ̀."

"Mà á wá," ó wí. Ó sì tún un wí, ó tẹ ìka mọ́ ọ̀fun rẹ̀ kó lè dá a lójú.

Nígbà tó padà sídìí ẹ̀rọ, Ọ̀kánkán gbé ìpéǹpéjú sókè bi í. Ó dá a lóhùn pé òun máa lọ, àmọ́ kì í ṣe nísinsìnyí. Òwú já ní ìkòkò kẹta, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sì sọ jáde pé, "Ẹ kú ilé o." Ohùn náà há, ó sì rí gbágungbàgun, ó dẹ́rù bà á. Kò sẹ́ni tó dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò retí pé ẹnikẹ́ni á dáhùn. Ó bọ́ bàtà, ó ní, "Mo ń bọ́ bàtà." Ó gbé omi kaná, ó sọ fún ògiri pé òun gbé omi kaná. Ó fi ìka lé ọ̀fun, ó ń ka orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àga, àtùpà, bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é pé ọmọ ti dé, obìnrin ni, ó pariwo ayọ̀ lórí fóònù débi pé ọmọ rẹ̀ ní kó rọra. Nígbà tí wọ́n pa fóònù, yàrá náà dákẹ́ bó ti máa ń dákẹ́. Ó bú sẹ́kún díẹ̀, ó nu ojú nù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ń tún aago ṣe ni, tó ń gbé yàrá kejì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé ògiri kan náà, ó sì ti ń rò pé odi ni ìyá yìí. Ó ní òun ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu o, òun kàn ń gbọ́ ohùn lójoojúmọ́ ni, òun ní kí òun wá mọ̀ bóyá àlejò ti dé bá wọn.

"Àlejò kankan ò dé," ni Ìyá Onífìlà dá a lóhùn ketekete. "Ọmọ ọmọ mi ni mo ń múra dè. Kò tíì mọ ètè kà."